Bí Erinmi Ṣe Yan Iṣẹ́ Abẹ Ikùn Rẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó sórí pèpéle, mo kí yín. Àlọ́ tèmi kò dá lórí ọba, kò sì dá lórí ìjòyè. Ó dá lórí Erinmi tí ara rẹ̀ wúwo, àti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ó fẹ́ fi ìnira rẹ̀ jẹun.

Ní ìgbà kan rí, Erinmi kan ń gbé inú odò kékeré kan lẹ́bàá igbó. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ní oko ọ̀dùnkún létí odò, ẹni tí ebi bá sì ń pa, yóò fún un jẹ. Ṣùgbọ́n ó sanra ju gbogbo erinmi tó kù lọ. Kì í ṣe pé ó jẹ́ wọ̀bìà. Bí ìyá rẹ̀ ti rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ìyá rẹ̀. Ó ti gbààwẹ̀ títí. Ó ti fi ewé kíkorò rọ́pò oúnjẹ. Ara náà a fà díẹ̀, a sì tún padà.

Nínú omi, kò sí wàhálà, odò ń bá a gbé ara. Àmọ́ tó bá ti gun òkè, orúnkún rẹ̀ á máa ró kẹ́kẹ́, èémí rẹ̀ á máa já.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, omi odò bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Àwọn àgbà igbó ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀ yóò le, odò kékeré náà yóò gbẹ pátápátá. Gbogbo ẹranko yóò ní láti rìn lọ sí odò ńlá tó wà lẹ́yìn òkè. Erinmi wo òkè náà, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pe Akàn. Akàn àgbà ni oníṣẹ́ abẹ igbó náà. Ọwọ́ rẹ̀ mú bí abẹ, ó sì mọ inú ẹranko bí ẹni mọ inú ilé rẹ̀. Ó yẹ Erinmi wò dáadáa.

"Ọmọ mi," ó ní, "ọ̀nà méjì ni mo mọ̀. Mo lè gé àpò oúnjẹ inú rẹ kí ó kéré. Díẹ̀ tí o bá jẹ, yóò yó ọ. Mo sì lè dín in kù, kí n tún yí ọ̀nà oúnjẹ padà, kó máa gba àbùjá kọjá. Èyí pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ láti ṣe, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀ títí ayé."

"Baba, èwo ló dára jù?"

"Fún ta ni?" Akàn dá a lóhùn. "Lọ ronú. Ohun tó bá ń ṣe ọ́ lára, sọ fún mi, má fi nǹkan kan pamọ́. Ṣùgbọ́n má pẹ́ jù. Ara tí a bá gé fẹ́ àkókò kí ó tó lè rìn."

Erinmi ronú. Láàárọ̀, gígé ló ń wù ú. Lọ́sàn-án, yíyí ló ń wù ú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rù àwọn méjèèjì ń bà á. Ohun kan sì wà tí kò sọ fún Akàn, nítorí ojú ń tì í. Bó bá ti dùbúlẹ̀, omi kíkan a máa ru wá sí ọ̀fun rẹ̀, àyà rẹ̀ a máa ta á bí ẹni gbé ata mì.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbọ́ pé Erinmi ń ṣiyèméjì. Ó wá sí etí odò.

"Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ara kì í ṣe ohun tí à ń kánjú sí. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá yín wádìí lọ́wọ́ àwọn tí Akàn ti ṣe fún. Ọ̀nà ló kàn jìn, ebi sì ń pa ẹni tó ń rìn."

Erinmi dúpẹ́, ó di agbọ̀n ọ̀dùnkún fún un. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbé e yí ẹ̀yìn igbó, ó jẹ ẹ́ tán, ó sùn. Nígbà tó jí, ó padà wá.

"Mo rí Ìmàdò tí wọ́n gé ikùn rẹ̀. Ó ṣe mí láàánú. Kò lè gbé oúnjẹ mì mọ́."

"Ó dáa, kí n mú yíyí nìyẹn," Erinmi wí.

"Ẹ ní sùúrù ná. Ẹ jẹ́ kí n rí Ẹfọ̀n, òun ni wọ́n yí ọ̀nà tirẹ̀ padà."

Agbọ̀n mìíràn lọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dé, ó mi orí. "Ẹfọ̀n ti di egungun, ìyá wa. Awọ nìkan ló kù."

"Ṣé gígé ló wá sàn?"

"Ẹ jẹ́ kí n tún lọ bèèrè."

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Bí Erinmi bá fì sọ́tùn-ún, á fà á sósì. Iyèméjì Erinmi di oko tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń kórè láìro. Ọ̀dùnkún ń tán, omi ń fà, ikùn Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ń yọ síwájú.

Lọ́jọ́ kan, Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ wá mu omi. Ara rẹ̀ ń dán. Erinmi wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n Ẹfọ̀n, ṣé ẹ̀yin nìyí? Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní òun rí yín, ó ní ẹ ti di egungun."

"Láti ìgbà òjò, n kò fojú kàn án," Ẹfọ̀n wí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn Erinmi dé ọkàn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Báwo ló ṣe rí?"

"Kò rọrùn. Ó dùn mí níbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá lá oyin jù, òógùn tútù á bò mí. Ewé tí Akàn ní kí n máa jẹ kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà dín, n kò gbọdọ̀ fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n mo ń bá àwọn ọmọ mi sáré. Mo dúpẹ́."

"Ìmàdò ńkọ́?"

"Àlàáfíà ló wà, ó ń jẹun. Àyà ló máa ń ta á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Akàn ti kìlọ̀ fún un pé gígé lè fà á."

"Àyà títa?" Erinmi gbé orí sókè. "Ó ń ṣe èmi náà. N kò sọ fún Baba."

"Sọ fún un lónìí."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti yọ lókèèrè pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Ẹfọ̀n yà sẹ́yìn koríko gíga.

"Ìyá wa, ọ̀dọ̀ Ẹfọ̀n ni mo ti ń bọ̀. Kò lè dìde mọ́. Ẹ bá mi kó ọ̀dùnkún sínú agbọ̀n yìí, kí n gbé e lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀."

Ẹfọ̀n jáde. "Àwọn ọmọ mi kí ọ."

"Ẹfọ̀n mìíràn ni mo ń wí," Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fèsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti mú eré. Ó dé ihò rẹ̀, ó ki orí bọ̀ ọ́. Orí wọlé, èjìká wọlé, ikùn kọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹranko tí Ẹfọ̀n ké pè, títí kan Akàn, bá a, ìrù rẹ̀ nìkan ló ń mì. Wọ́n fà á jáde.

"Baba Akàn," ó ń mí hẹlẹ, "ẹ bá mi gé tèmi."

"Ti Erinmi, àìsàn ni," Akàn dáhùn. "Tìrẹ, oúnjẹ olóúnjẹ ni. Abẹ kì í wo olè sàn." Wọ́n fún un ní ọkọ́. Ó ro oko Erinmi nínú oòrùn, ó tún ọ̀dùnkún gbìn, títí ikùn rẹ̀ fi lọlẹ̀.

Erinmi sọ gbogbo rẹ̀ fún Akàn, títí kan ti omi kíkan. Akàn kò bá a wí.

"O ṣeun tí o sọ ọ́. Ọ̀nà àbùjá ló bá ara rẹ mu. Ṣé ìwọ náà fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, Baba. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí."

"Ẹ̀rù a máa ba èmi náà kí n tó mú abẹ. Òun ló ń jẹ́ kí ọwọ́ mi rọra."

Ó fún un ní egbò igi tó ń múni sùn, ó sì ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí Erinmi jí, Ìmàdò jókòó tì í, ó ń fún un ní ògì tó ṣàn mu díẹ̀díẹ̀. Ẹfọ̀n mú un lọ wo ibi tí ewé ẹ̀jẹ̀ ń hù. Ara rẹ̀ ń fúyẹ́ bọ̀. Omi kíkan náà rọlẹ̀, ó ń sùn fọnfọn.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé lóòótọ́. Odò gbẹ, ilẹ̀ sán. Àwọn ẹranko gbéra, Erinmi náà gbéra. Ẹ bá mi gbè é:

Orúnkún mi, o ṣeun o,
*Jẹ́jẹ́ là ń lọ.*
Ẹfọ̀n tó sòótọ́, o ṣeun o,
*Jẹ́jẹ́ là ń lọ.*
Odò ńlá, mo mà ń bọ̀ o,
*Jẹ́jẹ́ là ń lọ.*

Ní ìdajì òkè, ó bojú wẹ̀yìn. Ó rí Akàn lọ́nà jíjìn, ó ń rá pálá lórí ilẹ̀ gbígbóná, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ. Gbogbo ẹranko ti kọjá lára rẹ̀. Erinmi padà sísàlẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Baba, ẹ gun ẹ̀yìn mi."

"Ọmọ mi, ṣé o lè gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i?"

"Ẹ̀yin lẹ fún mi ní ẹsẹ̀ tí mo fi ń gùn ún."

Ó pọ̀n ọ́n kọjá òkè. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú omi tútù létí odò ńlá, kí òun fúnra rẹ̀ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bá mú ṣiyèméjì, kó má fi àìsàn pamọ́ fún ẹni tí yóò wò ó, kó sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti rin ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń jẹun lórí iyèméjì rẹ kò ní fẹ́ kó tán láéláé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ẹni tó sanra ṣẹ̀sín, ẹ kò mọ ẹrù tó ń gbé. Bí ara bá sì tù yín, ẹ rántí ẹni tó bá yín tù ú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ fetí sílẹ̀.