Ebi Ọkọ̀ Láwuyì

"Ebi ló ń pa ọkọ̀ Láwuyì, àyà ló ń là." Bí àlejò bá gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àwọn ará Òkè-Àwòdì, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, ṣé ebi máa ń pa ọkọ̀ ni? Ọkọ̀ wo ló jókòó ti àwo oúnjẹ rí? Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Láwuyì, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ni Ọlọ́run fi ìmọ̀ gbogbo nǹkan jíǹkí. Bí dókítà bá kọ oògùn fún un, á tún un kọ. Bí bíríkìlà bá ń mọlé ládùúgbò, á lọ dúró tì í, á máa kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, aláwọ̀ eérú, tó dàgbà ju Ṣẹ̀gilọlá, àkọ́bí rẹ̀, lọ. Lójú tirẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí ọkọ̀ tuntun fi ju ọkọ̀ náà lọ ni ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo àga.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bó bá dúró sójú kan, ẹńjìnnì á máa dún dáadáa. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí wàhálà. Àmọ́ bó bá ti kan òkè, tí Láwuyì tẹná mọ́ ọn, á máa lọ́ tìkọ̀, á ta gìrì, á wúkọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, á sì kú. Bó bá sinmi díẹ̀, á tún jí bíi pé nǹkan kan ò ṣe é.

Ràímì mẹkáníìkì ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ibi tí epo ń gbà wò."

"Ìwé mélòó lo kà?"

"Ìwé mẹ́fà, sà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ni. Pààrọ̀ ẹ̀."

Ràímì pààrọ̀ ẹ̀. Ọkọ̀ wúkọ́. Láwuyì ní bátìrì ni. Wọ́n ra tuntun, ọkọ̀ sì fi bátìrì tuntun wúkọ́. Ló bá gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò, ó ṣí ìwé kan, ó kà á fún ọjọ́ méjì gbáko, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n la àyà ẹńjìnnì. Wọ́n là á. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n tún un dè, Láwuyì sì kéde fún àdúgbò pé ọkọ̀ ti gbádùn.

Ní àsìkò yẹn, ìyá ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Ìyá Ẹlẹ́rọ nítorí pé ẹ̀rọ ìlọta ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kò ríran mọ́. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ojú máa ń wá sí ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn Òkè Apárá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọn kì í sì í gba aláìsàn mọ́ bí agogo méjìlá ọ̀sán bá ti lù.

Dúróoríkẹ́, ìyàwó Láwuyì, bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀ èrò lọ."

"Kí n gbé àna mi wọ ọkọ̀ èrò? Èmi tí mo ní ọkọ̀?"

Wọ́n wọ ọkọ̀ tó ti gbádùn náà. Ní ìdajì Òkè Apárá, ó ta gìrì, ó wúkọ́, ó kú. Láwuyì ká ọwọ́ agbádá funfun rẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó nù ún, ó dá a padà. Ọkọ̀ jí, ó rìn díẹ̀, ó tún kú. Ó tún yọ púlọ́ọ̀gì.

Ìyá Ẹlẹ́rọ pè é láti inú ọkọ̀. "Bàbá Ṣẹ̀gilọlá, ṣé ó máa ń wúkọ́ bó bá dúró?"

"Rárá, Ìyá."

"Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́?"

"Rárá."

"Bó bá ń gòkè nìkan. Bó bá sì sinmi, á jí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, ṣùgbọ́n—"

"Ebi ni."

Láwuyì rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àgbàlagbà fi ń dá ọmọdé lóhùn. "Ebi kẹ̀, Ìyá?"

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wà nídìí ẹ̀rọ. Bí mi ò bá da nǹkan sí i lẹ́nu, á máa dún dáadáa. Bí mo bá da àgbàdo sí i, tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìdọ̀tí ló ń há sí i lọ́fun. Ìwọ̀nba epo tó ń kán wọlé lè tó ẹni tó jókòó, kò lè tó ẹni tó ń gòkè. Ẹ wo ọ̀nà epo."

"Ọkọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ àgbàdo, Ìyá. Mo ti rí ohun tó ń ṣe é." Ó sì tún yọ púlọ́ọ̀gì.

Dúróoríkẹ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Agogo mọ́kànlá ti kọjá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba sukudíráfà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ sún."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pàṣẹ fún un rí. Bóyá ìyàlẹ́nu ló jẹ́ kó sún. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n ti tọ́ Dúróoríkẹ́ dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Ó tẹ̀ lé rọ́bà epo títí ó fi kan asẹ́ kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó tú u, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn. Omi dúdú tú jáde, ìpẹtà sì dà sílẹ̀ bí èérún búrẹ́dì.

Láwuyì wò ó. "Mo ti ń fura sí i tẹ́lẹ̀," ó wí.



Wọ́n dè é padà. Ọkọ̀ gun Òkè Apárá láì wúkọ́ ẹyọ kan. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìwòsàn, agogo méjìlá ti kọjá. Nọ́ọ̀sì ti pa ìwé orúkọ dé. "Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀," ó ní.

 Ìyá arúgbó náà ń wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kiri inú afẹ́fẹ́. Láwuyì rí ọwọ́ yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá funfun sórí ilẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo dá wọn dúró lójú ọ̀nà."

Dúróoríkẹ́ kọjú sí ògiri. Kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ rí, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí omijé òun. Dókítà, obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti Ṣẹ̀gilọlá, wo bàbá tó wà nílẹ̀, ó wo ìyá, ó sì tún ọwọ́ rẹ̀ fọ̀.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n tú báńdéèjì. Ìyá Ẹlẹ́rọ kọ́kọ́ rí ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lójú, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Láwuyì, ó wò ó títí.

"Ẹ ti gbó o, àna mi. Mo rò pé ọkọ̀ nìkan ni."

Láwuyì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ náà ló lọ ròyìn fún Ràímì, Ràímì sì ròyìn fún gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, ní Òkè-Àwòdì, bí ọkọ bá ń gbé ìyàwó kiri ilé ìwòsàn nítorí pé kò rẹ́rìn-ín mọ́, tó sì jẹ́ pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọkọ náà ti bá a sọ̀rọ̀ gidi kẹ́yìn, àwọn àgbà á kàn wo ara wọn, wọ́n á ní: "Ebi ló ń pa ọkọ̀ Láwuyì, àyà ló ń là."