Ládépò Tó Mu Ọ̀nà Rẹ̀

"Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà." Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ẹni tó ti ṣìnà wọ ilé onílé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ pa á?

Ládépò ará Abẹ́-Àpáta ni. Ìyàwó rẹ̀ bímọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Odò ilé ti gbẹ, ìkómọ ti di ọ̀la, wọn kì í sì í sọmọ lórúkọ níbẹ̀ láìsí ẹja àrọ̀. Ni bàbá ìyàwó rẹ̀ bá mú igbá, ó fi èédú ya àwòrán ọ̀nà sínú rẹ̀, ohun tí ẹ̀yin ará ìsinsìnyí ń pè ní máàpù. Ó ya òkè, ó ya odò méjì tó wà lẹ́yìn òkè: ọ̀kan ti gbogbo ayé, ìkejì ti òrìṣà. Ẹni tó bá pẹja nínú ti òrìṣà, wọ́n á lé e nílùú.

"Bí kò bá yé ọ, kí o béèrè o."

"Bàbá, èmi tí mo gbé ọ̀nà lọ́wọ́, kí ni mo fẹ́ bi ẹnikẹ́ni sí?"

Ládépò gun òkè títí òùngbẹ fi gbẹ ẹ́. Ó rí ìsun omi lábẹ́ àpáta, ó fi igbá bù ú, ó mu àmutẹ́rùn, ó dúpẹ́. Ó wá wo inú igbá. Òkè ti lọ. Odò méjèèjì ti lọ. Ikùn rẹ̀ ni gbogbo wọn wà.

Ó dé ìsàlẹ̀ òkè, ó rí odò kan tó mọ́ gaara, tí ẹja ń fò nínú rẹ̀. Ó ti gbé àwọ̀n sókè kí ẹ̀rù tó bà á. Ìyá àgbà kan, Ìyá Morẹ́nikẹ́, ń wa kókò lóko rẹ̀ nítòsí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Odò wo ni ti gbogbo ayé?"

"Wọn ò ya ọ̀nà fún ọ nílé ni?"

"Wọ́n yà á sínú igbá, Màmá. Mo ti mu ún."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ebè. "Ọmọ mi, àfi kó o tọ̀ ọ́ sílẹ̀ ká lè rí i tẹ̀ lé. Gbé àwọ̀n kúrò níbẹ̀ jàre. Ti òrìṣà nìyẹn. Ẹja tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ ni í sanra. Èyí tó pọ́n bí ẹrẹ̀ lọ́hùn-ún ni tiwa."

Ládépò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nínú ẹrẹ̀ yẹn ló ti rí ẹja àrọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Morẹ́nikẹ́ tí Ládépò pè wá síbi ìkómọ ló fi ẹja náà kan ọmọ lẹ́nu, ọpẹ́ rẹ̀ ni Ládépò sì ń dá títí ilẹ̀ fi ṣú: "Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ bá mi kí Màmá."

Nítorí náà, bí àgbà bá rí ẹni tójú ń tì láti bi ẹni tó mọ̀ léèrè, òwe yìí ni wọ́n máa ń pa fún un. Wọ́n á wá dúró kó la ẹnu béèrè.