Ọgbà Ọparun Láwọyin

"Láwọyin, ta lo pààlè dè? Ṣé èmi lo ń pè lólè ni?"

Ìyá Dòpèmú ló ń pariwo láàárọ̀ kùtù. Ó ń lọ pọnmi, ó gba ẹ̀yìnkùlé Láwọyin bó ṣe máa ń gbà á láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, àfi bó ṣe kan ọgbà ọparun. Gbogbo òpó ọgbà náà ni Láwọyin gbẹ́ ojú sí lára: ojú rogodo, imú pẹlẹbẹ, eyín tó yọ síta.

Láwọyin dáhùn láti inú ọgbà. "Ẹ má bínú, màmá. Ọ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe ààlè."

"Ọ̀ṣọ́ tó ń yọ eyín sí èèyàn? Ewúrẹ́ mi rí i, ó sá wọlé, kò tíì jẹun!"

Láwọyin rẹ́rìn-ín, kò ṣí ọ̀nà. Màmá gbé ìkòkò rẹ̀ gba ọ̀nà jíjìn.

Bó ṣe rí nìyí. Láwọyin fẹ́ràn ìwẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló ti máa ń wẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo àdúgbò ń gbà lọ sódò. Ọṣẹ á wà lójú rẹ̀, ẹnì kan á dúró bi í léèrè bí iṣu rẹ̀ ṣe ta sí. Ó sú u. Ó bá lọ gé ọparun.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ sọgbà á bẹ àwọn ará àdúgbò lọ́wẹ̀. Wọ́n á bá a gbẹ́lẹ̀, á fún wọn lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa bẹ àwọn tó fẹ́ tì síta lọ́wẹ̀? Láwọyin dá a gbẹ́. Ihò tó yẹ kó mu èèyàn dé orúnkún, ó gbẹ́ ẹ bí ìgbà téèyàn fẹ́ gbin ata.

Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, sọ fún un pé, "Baálé mi, ọgbà yìí ń mì o."

"Jẹ́ kó máa mì. Gbogbo igi tó ń mì kọ́ ló ń wó."

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò yà síbẹ̀ mọ́. Ta ló fẹ́ fẹsẹ̀ kọjá ààlè, kí ohun tí ò mọ̀ mú un? Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ Láwọyin. Á wẹ̀, á kọrin, á tún wẹ̀.

Ìgbà tó yá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ Àríkẹ́, ọmọ wọn. Àríkẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ọmọkùnrin yìí le. Wọ́n ti kọ ọmọ ọlọ́mọ kan sílẹ̀ rí torí pé bàbá rẹ̀ hanrun lójú àlejò.

Ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ Àríkẹ́, Láwọyin bọ́ sẹ́yìnkùlé láti wẹ̀. Ó fi aṣọ kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ojú náà, ó fọṣẹ sára látorí dé ẹsẹ̀. Ni ìjì bá dé. Òpó kan wó, ó fa èkejì, torí okùn kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀. Apá kan wó lé ìkòkò epo Àbẹ̀kẹ́ lórí, ó fọ́ ọ, gbogbo epo dà nù; apá kan dí ẹnu ọ̀nà ilé. Atẹ́gùn gbé aṣọ, ó di inú igbó.

Láwọyin dúró gbagidi, ọṣẹ nìkan ló wà lára rẹ̀. Àwọn àna sì ti ń yọ lókè ọ̀nà, wọ́n ru iṣu.

"Ẹ gbà mí o!"

Àwọn ará àdúgbò sáré jáde. Wọ́n rí àwọn ojú tó wà nílẹ̀, wọ́n dúró. "Ààlè ni o," ẹnì kan wí.

Ìyá Dòpèmú pòṣé. "Ààlè tó dojú bolẹ̀, ta ló fẹ́ mú?" Ó tẹ ọ̀kan nímú, ó kọjá. Ni gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e.

Wọ́n yí Láwọyin ká, wọ́n kẹ́yìn sí i, wọ́n na ìró àti agbádá. Wọ́n ń kígbe pé, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àna wa!" Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò ni wọ́n ń rọra sún lọ sẹ́nu ọ̀nà, Láwọyin ń lóṣòó rìn láàárín wọn.

"Bàbá ìyàwó ńkọ́?" àwọn àna béèrè.

"Wọ́n ń múra lọ́wọ́ ni."

Ìyá Dòpèmú rọra sọ sẹ́yìn pé, "Láwọyin, kú ìwẹ̀ o." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ tú gbogbo wọn ká. Wọ́n gbé ọparun kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin náà bẹ́ wọlé.

Ó wọ aṣọ ẹtù jáde. Ọ̀rọ̀ wọ̀, wọ́n fún àwọn àna lọ́mọ. Ọparun olójú náà ni wọ́n fi dáná oúnjẹ àlejò. Níbi tí wọ́n ti ń jẹun, àgbà kan nínú àwọn àna ní, "Aṣọ yín mà wuyì o."

Láwọyin wo àwọn ará àdúgbò rẹ̀ títí. "Ẹ fi èyí sílẹ̀. Èèyàn laṣọ mi."

Àgbà náà rò pé òwe ló ń pa, ó mi orí. Àwọn ará àdúgbò bú sẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ làwọn àgbà ti mú un tí wọ́n fi ń pa á lówe pé èèyàn laṣọ mi. Láwọyin ló sọ ọ́, epo Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi rà á.