Ọlọ́wọ́-Ata

Ní ìlú Òkè-Ọ̀pẹ, kò sí agbẹ̀bí tí ọwọ́ rẹ̀ tutù tó ti Màmá Filomínà. Opó ni. Tẹ́kílà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó dàgbà sí ìdálẹ̀, wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun yóò wá bí àkọ́bí sí ìyá òun lọ́wọ́ lóṣù tó ń bọ̀.

Ìjọ Kátólíìkì ìlú náà ti pín sí méjì nígbà náà. Màmá wà lára àwọn tó di Máàsì Látìn mú, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ gba Ara Olúwa sórí ahọ́n. Àwọn yòókù ń dúró, wọ́n ń tẹ́wọ́ gbà á. Àwọn wọ̀nyí ló kọ́kọ́ fi "Dómínúsì", tí í ṣe "Olúwa" ní Látìn, ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ kú ilé o, ọmọ Dómínúsì!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá wọnú eegun. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó dúró láàárín èrò, ó ké tòò: "Ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣa ata lẹ fi ń gba Jésù! Ọlọ́wọ́-ata ni gbogbo yín! Ẹ má bímọ sí mi lọ́wọ́ mọ́!" Kò wojú ẹnì kankan kó tó sọ ọ́. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ wọn bí eèmọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan sáré wọlé. "Màmá, ẹ gbà wá! Aboyún kan tí oṣù rẹ̀ ò tíì pé ń rọbí ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀bá ọjà, ẹ̀jẹ̀ ò dá."

"Ta ni?"

"Àlejò ni, mà. Bó ṣe sọ̀ nínú ọkọ̀ ló yà wá gba Ara Olúwa, ni inú bá mú un."

Màmá ò gbójú kúrò lára rósárì. "Ṣé ó kúnlẹ̀, àbí ó tẹ́wọ́?"

"Ó tẹ́wọ́, mà."

"Ọlọ́wọ́-ata nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ata gbẹ̀bí rẹ̀."

Ó ka rósárì náà parí. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Kó tó dé ibẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bo òkú àlejò náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìbòrí funfun tuntun kan wà tí a dì bí ẹ̀bùn, irú èyí tí àwọn ìyá Máàsì Látìn fi ń borí. Màmá ṣí aṣọ lójú òkú. Tẹ́kílà ni.

Ìyá aláta kan tó gbẹ̀bí náà, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì pọ́n, gbé ọmọ tuntun kan tí ń sunkún dìde.

"Ẹ tẹ́wọ́, Màmá," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ tẹ́wọ́ gbà á."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Ọ̀pẹ fi ń pa á lówe pé, bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.