Òkìtì Òkúta Orí Òkè

Ọdún méjìdínlógún ni Ọ̀mọ̀wé Fẹ̀hìntọlá, ọmọ Ìgbàjọ, fi wá àwókù ìlú àtijọ́ kiri lórí àwọn òkè Pẹrú, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Níbi tí ọ̀nà ti gun òkè dé góńgó ni òkìtì òkúta kan wà, tó ga ju ilé lọ. Fẹ̀hìntọlá ti kọ ìwé mẹ́ta láti fi hàn pé sàréè ọba ni. Orí ìwé wọ̀nyẹn ni orúkọ rẹ̀ dúró lé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò tú òkìtì náà, àwọn òṣìṣẹ́ ti gbé ṣọ́bìrì, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: àwọ̀ òkúta wọ̀nyí kò bára mu rárá. Ọba wo ni wọ́n ń ti ọgọ́rùn-ún àfonífojì kó òkúta wá fún?

Bó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni ìyá arúgbó kan, Sàtúká, gòkè dé, tòun ti ẹrù ọ̀dùnkún lẹ́yìn. Ó yọ òkúta pupa kékeré kan nínú aṣọ, ó mí sí i, ó sì gbé e lé òkìtì.

"Ẹ kú ìrìn, Màmá. Ta ni wọ́n sin síbí?"

Sàtúká rẹ́rìn-ín. "Sin kẹ̀? Àárẹ̀ ni, ọmọ mi. Ẹni tó bá ń gòkè á mú òkúta láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Tó bá débí, á sọ àárẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ti ìyá ìyá mi wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Fẹ̀hìntọlá yíjú sí Násário, olórí òṣìṣẹ́. "O mọ̀?"

"Ta ni kò mọ̀? Ẹ ò béèrè, Ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ ní ìwé. Ṣé èmi ni n óò wá kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀?"

Fẹ̀hìntọlá yíjú padà. Ó tẹjú mọ́ òkìtì náà títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí ìwé kankan kò dárúkọ, èémí oníkálukú lára òkúta rẹ̀. Ọba wo ló ní sàréè tó tó báyìí?

"Èmi ńkọ́, Màmá? Ilé tèmi jìnnà."

"Ìwọ? Àpò òkúta mélòó lo ti kó níbí lọ sí yunifásítì yín? Kọ́kọ́ dá àárẹ̀ olóhun padà fún un ná!"

Wọ́n kó ṣọ́bìrì padà sínú àpótí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Fẹ̀hìntọlá gbé àpò òkúta gun òkè náà. Ó ń to àwọn òkúta tó ti fi tàdáwà kọ nọ́ńbà sí lára padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mí sí wọn. Ìwé kẹrin tó kọ, gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìṣáájú kò tọ̀nà.

Òwe tó ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà lè dàgbà ju òkìtì ọ̀hún lọ, ta ló mọ̀? Ṣùgbọ́n ní Ìgbàjọ, orí òkè yẹn ni wọ́n ní ọmọ wọn ti ṣa á wá.