Ọwọ́ Àwẹ̀ró àti Àáró Ọ̀bọ

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́bàá ìkòkò omi, mi ò gbọ́ tiyín. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ó dáa. Àlọ́ mi gba orí ewé kọjá, ó gba abẹ́ ewé padà, kò bà lé ọba, kò bà lé ìjòyè, orí Àwẹ̀ró ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ ló bà lé.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko kan tẹ ìlú dó sí etí odò. Àgbọ̀nrín ni Baálẹ̀ wọn. Túùkú wà níbẹ̀, Òòrẹ̀ wà níbẹ̀, Òkété àti Ẹtu wà níbẹ̀. Erin kò sí níbẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Bí Erin bá wà ní ìlú yẹn, kò ní sí àlọ́ tí mo fẹ́ pa yìí.

Iṣẹ́ oko ni iṣẹ́ wọn, àáró ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ àáró mọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Gbogbo wa á lọ sí oko tìrẹ lónìí, a ó bá ọ kọ ebè. Tó bá di ọ̀la, a ó lọ sí tèmi. Iṣẹ́ tí mo bá ṣe fún ọ ni ìwọ náà á ṣe fún mi. Ẹni tí oko rẹ̀ kàn á dúró sí orí oko láàárọ̀, á máa pe orúkọ. Ẹni tó bá pè á dáhùn pé, "Mo dé o, ọwọ́ mi rèé." Bí o bá ti dáhùn, ó di dandan fún ọ nìyẹn. Ẹni tí kò bá sì sí nínú àáró, igbó ni yóò jẹ oko rẹ̀.

Ohun tó ń bá Àwẹ̀ró àti ìyá rẹ̀ fínra nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ti ń dàgbà, ẹ̀yìn ń dùn ún. Nígbà tí Àwẹ̀ró tó ẹni tí í gbé ọkọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Màámi, èmi ni n óò gba ipò Bàbá nínú àáró."

Ìyá ní, "Wọn yóò gbà ọ́. Ọmọ ẹni tí kì í sá fún iṣẹ́ ni ọ́."

Wọn ò gbà á. Ẹ gbọ́ ohun tó fà á.

Ní ọjọ́ kan, àwọn ọmọdé ń ṣeré létí odò. Igi ńlá kan ṣubú, ó sì tẹ ọmọ Òkété mọ́lẹ̀. Wọ́n ti igi náà, kò mì. Àwẹ̀ró sáré dé, ó gbé ọwọ́ lé e. Kò mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe, ó kàn gbé ọwọ́ lé e ni. Igi bá fúyẹ́ bí òwú. Ó fi ọwọ́ kan gbé e, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó ṣe mú ọwọ́ kúrò, igi tún wúwo, ilẹ̀ mì tìtì.

Òkété gbé ọmọ rẹ̀. Kò ní "o ṣé". Ó wo ọwọ́ Àwẹ̀ró, ó bẹ́ sí eré.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú ti gbọ́. Bí Àwẹ̀ró bá dé odò, àwọn obìnrin á gbé ìkòkò wọn. Bí ó bá kí wọn, òkèèrè ni wọn yóò ti dáhùn.

Túùkú ní, "Bí ó bá fọwọ́ kan iṣu mi ńkọ́? Bí iṣu bá fúyẹ́ bí òwú, kí ni n óò jẹ?"

Ẹtu ní, "Ìwọ ń sọ ti iṣu. Èmi ń ro ti orí mi. Orí tó fúyẹ́, ṣé orí nìyẹn?"

Òòrẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká di ọwọ́ rẹ̀."

"Ta ni yóò dì í?" Túùkú bi í. "Ṣé ìwọ ni?"

Òòrẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

Wọ́n lọ bá Baálẹ̀. Àgbọ̀nrín fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ títí. Ó wá ní bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, tí kò sí ẹni tó lè ṣe onídùúró fún ọmọ náà, kí òun àti ìyá rẹ̀ wá ibòmíràn gbé.

Àwẹ̀ró gbọ́, kò sunkún. Ó gbé ọkọ́, ó lọ sí oko bàbá rẹ̀, ó ní òun á ro ó fúnra òun. Ó fọwọ́ kan koríko, koríko ò tu. Koríko ò ṣáà wúwo tẹ́lẹ̀. Ó wá yé e pé ọwọ́ tó ń gbé igi kì í kọ ebè. Ọwọ́ púpọ̀ ló ń kọ ebè. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, ebè díẹ̀ báyìí ló rí kọ.

Ibẹ̀ ni Ọ̀bọ bá a.

Ọ̀bọ yìí ní oko nígbà yẹn, ṣùgbọ́n oko rẹ̀ kò ju ibi tí ènìyàn lè tẹ́ ẹní sí lọ. Ó fẹ́ràn iṣu, kò fẹ́ràn ọkọ́.

"Àbúrò," Ọ̀bọ ní, "orí igi la jọ ń gbé. Ẹbí ni wá. Èmi ni n óò ṣe onídùúró fún ọ."

"Kí lẹ fẹ́ gbà, ẹ̀gbọ́n?"

"Kí ni mo fẹ́ gbà kẹ̀? Ṣé irú mi ò lè ṣàánú ni?"

Ó mú un lọ bá Baálẹ̀. Ìlú pé. Ọ̀bọ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Baálẹ̀, agbára tí ẹ rí yẹn, tèmi ni. Ìyá ìyá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Mo kàn fi pamọ́ sọ́wọ́ ọmọ yìí ni, bí ẹni fi iyọ̀ pamọ́ sínú ìkòkò. Bí n kò bá kọrin, kò lè gbé ewé."

Baálẹ̀ ní, "Ní ọjọ́ tó gbé igi létí odò, ta ló kọrin?"

"Èmi náà ni. Orí igi ni mo wà. Ẹkún Òkété ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi."

Àwẹ̀ró la ẹnu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀bọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó sọ sí i létí pé, "Ṣé kí wọ́n lé ìyá rẹ ni?" Àwẹ̀ró pa ẹnu dé.

Inú gbogbo ìlú wá dùn. Ẹ ò rí nǹkan? Ohun tó bà wọ́n lẹ́rù lọ́wọ́ ọmọ opó kò bà wọ́n lẹ́rù mọ́ lọ́wọ́ Ọ̀bọ. Wọ́n mọ Ọ̀bọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n sí ọ̀lẹ, wọ́n mọ̀ ọ́n sí wọ̀bìà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣáà mọ̀ ọ́n.

Báyìí ni Ọ̀bọ ṣe wọ àáró. Ó ní kí wọ́n máa pe orúkọ òun, nítorí ọwọ́ Àwẹ̀ró, ọwọ́ òun ni. Bí igi bá ṣubú sí oko ẹnìkan, Ọ̀bọ á gun orí òkúta, á gbá àyà, á dá orin. Ẹ gbè é o. "Fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́" ni ègbè rẹ̀:

Igi tó wúwo, wá fúyẹ́,
— Fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́.
Ọ̀bọ ló ní kí o dìde,
— Fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́.
Ọwọ́ tó kàn ọ́, ọwọ́ mi ni,
— Fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́.

Àwẹ̀ró á fọwọ́ kan igi, igi á dìde. Wọ́n á ní, "Ọ̀bọ, o ṣeun." Kò sẹ́ni tó wo ojú Àwẹ̀ró.

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. Ó tó àkókò àáró ebè. Ọ̀bọ ní tòun ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ó ní igi kan ṣoṣo tí òun bá gbé, iṣẹ́ odidi agbo ilé ni, nítorí náà wọn yóò pẹ́ lóko òun. Wọ́n gbà. Wọ́n ṣán igbó fún un láti etí odò títí dé ẹsẹ̀ òkè. Wọ́n kọ ebè títí ojú ò fi tó òpin rẹ̀ mọ́. Túùkú fi imú tú ilẹ̀ títí imú rẹ̀ fi bó. Ọ̀bọ jókòó sábẹ́ igi, ó ń jẹ àgbàdo sísun, ó ń ní, "Ebè yẹn kéré. Ẹ tún un kọ."

Àwẹ̀ró sún mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n, oko ìyá mi ńkọ́? Kí wọ́n bá wa yà síbẹ̀ ní ọjọ́ kan péré."

"Ìwọ wà nínú àáró ni? Èmi ni mo wà níbẹ̀." Ọ̀bọ tu háhá àgbàdo dànù. "Ẹni tó ní irú ọwọ́ yìí, kí ló ń fi iṣu ṣe?"

Ní ìrọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró àti ìyá rẹ̀ jọ ń pa ẹkùrọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá gbé òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló bí ọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló bí ọwọ́ yẹn?"

"Ẹ̀yin náà ni, Màámi."

"Ó dáa. Mi ò bí ọmọ kí Ọ̀bọ lè rí ọkọ́ lò."

"Wọn yóò lé wa."

"Kí wọ́n lé wa. Ẹsẹ̀ wa kò rọ. Ṣùgbọ́n bí wọn yóò bá lé wa, kí ó jẹ́ pé àwa ni wọ́n lé, kì í ṣe ẹrù Ọ̀bọ." Ó tún mú òkúta, ó ń pa ẹkùrọ́ rẹ̀ lọ.

Oko Baálẹ̀ ló kàn. Ẹ̀fúùfù ti wó àràbà kan sí ojú oko náà. Àràbà yẹn, bí ènìyàn bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní rí ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wọn ò bá gbé e kúrò, kò sí ebè. Gbogbo ìlú pé síbẹ̀. Baálẹ̀ dúró sí orí oko, ó ń pe orúkọ. Ó pe Túùkú, Túùkú jẹ́. Ó pe Òòrẹ̀, Òòrẹ̀ jẹ́.

"Ọ̀bọ."

"Mo dé o, ọwọ́ mi rèé." Ó ti Àwẹ̀ró síwájú.

Àwẹ̀ró rìn dé ẹ̀gbẹ́ àràbà. Ó jókòó sórí òkúta kan, ó ká ọwọ́ lé itan.

Ọ̀bọ dá orin, ìlú gbè é. Àràbà ò mì. Ó tún un dá, ó gbá àyà tagbára tagbára. Àràbà ò mì.

"Àwẹ̀ró, dìde."

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ ta ni Baálẹ̀ pè?"

"Tèmi ni."

"Ta ló dáhùn?"

"Èmi ni. Dìde, mo ní."

"Bí ẹ̀yin bá lẹ dáhùn, ẹ wá gbé igi yín."

Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín. "Ìṣe ọmọdé ni. Baálẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gba agbára mi padà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ ohun tí òun sọ.

Túùkú ní, "O ti gbà á?"

"Mo ti gbà á."

"Ó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Gbé e ká rí i."

Ọ̀bọ gbé ọwọ́ méjèèjì lé àràbà. Ó tì. Ó fi èjìká tì. Ó yíjú padà, ó fi ìdí tì í, ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́, ìdí rẹ̀ sì ha èèpo igi láti òkè délẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdí ọ̀bọ ti bó. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, mi ò tíì parí.

Ó ní, "Àyà ló ń dùn mí lónìí. Ẹ jẹ́ n lọ mú oògùn kan wá nílé."

Òòrẹ̀ na gbogbo ẹ̀gún rẹ̀, ó dí ọ̀nà. "Ilé wo?"

Baálẹ̀ ní, "Ọ̀bọ, o jẹ àáró wa. Ilẹ̀ tí a ro fún ọ, láti odò dé òkè ni. Ẹni tí kò bá lè gbé igi, yóò gé e. Ẹ fún un ní àáké. Bó bá ṣe tèmi tán, kó lọ sí ti Túùkú. Bó bá kúrò níbẹ̀, kó lọ sí ti Òòrẹ̀."

Ọ̀bọ gé igi títí oòrùn fi dé àtàrí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ròrò. Ó wo ibi tó gé, kò ju ibi tí eku jẹ lọ. Ó wo àwọn tó ń dúró dè é. Ó ju àáké sílẹ̀, ó fò mọ́ igi, ó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ó di ẹni à ń wá. Ẹni tó bá sì sá fún àáró, àwọn tó ro oko rẹ̀ ló ni ín. Wọ́n pín oko gbọọrọ náà, ebè tí Ọ̀bọ ní kí wọ́n tún kọ di tiwọn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀bọ kò ti ní oko, tó jẹ́ pé oko olóko ló ń jí jẹ, tó bá sì rí ènìyàn pẹ̀lú ọkọ́, á gun igi.

Ṣùgbọ́n àràbà ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo wọn wá yíjú sí Àwẹ̀ró. Ẹ̀rù àtijọ́ tún dé. Wọ́n ti mọ̀ báyìí pé kò sí orin tó ń darí ọwọ́ yẹn, òun nìkan ló ni ín.

Baálẹ̀ ní, "Ọmọ mi, bá wa gbé e."

"Rárá, Baálẹ̀. Ẹ pe orúkọ mi."

"Ẹ dúró ná," Túùkú ní. "Ọmọ tó lè gbé àràbà, bí inú bá bí i lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

Àwẹ̀ró dìde lórí òkúta. "Inú ti ń bí mi tipẹ́, Bàbá Túùkú. Mo dé odò, wọ́n gbé ìkòkò. Mo kí yín, òkèèrè lẹ ti ń dáhùn. Ọ̀bọ ń fi ọwọ́ mi jẹun, ẹ̀yin ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀bọ. Ti òní ló wá pọ̀ jù. Kí lẹ rí tí mo ṣe?"

Túùkú fi imú tó bó tú ilẹ̀. "O jókòó."

"Mo jókòó."

Ìyá Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn èrò. Kò bá wọn dá sí i. Ó kàn tú ìró rẹ̀, ó tún un ró, ó dúró gbọnyin bí ìyá ìyàwó.

Baálẹ̀ padà sí orí oko. Ó gbé ohùn sókè. "Àwẹ̀ró ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́."

"Mo dé o, ọwọ́ mi rèé."

Ó fọwọ́ kan àràbà, ó gbé e. Ó gbé e lé orí bí ẹni gbé igbá. Kò kánjú. Ó dúró lábẹ́ rẹ̀ títí gbogbo wọn fi wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó wá ní, "Ibo ni kí n gbé e sí, Baálẹ̀?"

"Sí ààlà, ọmọ mi. O ṣeun."

Ó gbé e sí ààlà. Ó mú ọkọ́, ó bọ́ sí àárín Òòrẹ̀ àti Ẹtu, ó ń kọ ebè. Oko ìyá rẹ̀ ni wọ́n ní yóò kàn lọ́jọ́ kejì.

Òòrẹ̀ wo ebè rẹ̀ fínnífínní. Ó ní, "Ebè rẹ wọ́."

"Mo rí i," Àwẹ̀ró ní. "Ẹ kọ́ mi."

Òòrẹ̀ ká ẹ̀gún rẹ̀ lẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ náà mú, ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń kó ilẹ̀ jọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí Ọlọ́run bá fún ọmọ ẹnìkejì ní ohun tí kò fún ọ, má sá fún un, má sì gba wọ̀bìà láàyè kó máa fi jẹun. Pe ọmọ náà ní orúkọ, fún un lọ́kọ́, kó wá bá ọ ṣiṣẹ́. Ìwọ tí wọ́n sì fún, ọwọ́ rẹ ni. Ìwọ ni kí o máa dáhùn fún un.

Bí mo bá parọ́ níbẹ̀, kí eyín tó kù lẹ́nu mi má lè jẹ ẹran mọ́. Ó ń jẹ ẹ́. Ẹ ká ẹní.