Aṣọ Àwẹ̀ró Lára Ògiri Ààfin

Obìnrin mẹ́jọ ló gbé aṣọ àdìrẹ wá sí ààfin ìlú Ìlákẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan. Méje nínú wọn ni wọ́n bí sínú iṣẹ́ náà. Ẹnì kẹjọ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹ̀kọ ló ń sè tà fún àwọn méje yòókù.

Ẹ̀kọ yìí kì í ṣe ti jíjẹ. Láfún ni wọ́n fi ń sè é. Àwọn aládìrẹ á ki ìyẹ́ adìẹ bọ inú rẹ̀, wọ́n á sì fi ya ohun tó bá wù wọ́n sára aṣọ funfun: ẹyẹ, àkekèé, igi ọ̀pẹ, ènìyàn. Bí ẹ̀kọ bá ti gbẹ, aláró á gba aṣọ náà, á rì í bọ ìkòkò aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní mú un, funfun ni yóò wà. Ibi tí ẹ̀kọ kò bá dé ni yóò dúdú. Nítorí náà, ẹni tó ń yàwòrán kì í rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ dáadáa títí aláró yóò fi dá a padà fún un.

Ọdún mẹ́wàá ni Àwẹ̀ró fi ru ẹ̀kọ lọ sí agbo ilé àwọn aládìrẹ. Bó bá sọ igbá kalẹ̀, kì í tètè dìde. Á jókòó sẹ́yìn wọn, á máa wo ọwọ́ wọn. Bó bá délé, á fi ẹ̀kọ tó kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ya ohun tó rí sára àkísà. Nígbà tó yá, ó kúrò lórí àkísà, ó bọ́ sórí aṣọ gidi, àwọn ará oko sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a wá pé kó bá àwọn ya ìró ìyàwó.

Ìyá Ọdẹ́wálé, olórí àwọn aládìrẹ, gbọ́ nípa rẹ̀, kò sì kà á sí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé a kì í kọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n máa ń bí i mọ́ni ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò yọjú títí Onílákẹ́, ọba ìlú náà, fi parí gbọ̀ngàn tuntun tó ń kọ́. Ògiri gbọ̀ngàn náà gùn, kò sì sí ohunkóhun lára rẹ̀. Ọba ránṣẹ́ sí àwọn aládìrẹ pé kí oníkálukú ya ọjà Ìlákẹ́ sára aṣọ wá. Gbogbo ìlú yóò wá wo àwọn aṣọ náà ní ọjọ́ ọjà, ẹni tí tirẹ̀ bá sì gbayì jù ni yóò máa yàwòrán fún ààfin títí ayé rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìkéde náà jáde, Àwẹ̀ró gbé ẹ̀kọ dé agbo ilé bó ti máa ń ṣe. Ó sọ igbá kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní òun náà yóò gbé aṣọ wá.

"Ìwọ wo?" Ìyá Ọdẹ́wálé bi í. "Ìwọ ẹlẹ́kọ?"

"Èmi náà ni, ìyá."

"Àwẹ̀ró, ẹ̀kọ rẹ dára. Kì í ní kókó. Jókòó ti ìkòkò rẹ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ iṣẹ́ yìí, inú ilé yìí ló sì gbà kọjá. Ta ni ìyá rẹ nínú wa?"

"Kò sí, ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tí gbogbo yín fi ń yàwòrán, ọwọ́ mi ló ti ń wá."

Àwọn obìnrin mẹ́fà tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹnu rẹ̀ mú ju ìyẹ́ adìẹ lọ." Ìyá Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa. Gbé tìrẹ wá. Bí Ọba bá kọ̀ ọ́, o ò ní fọwọ́ kan ìyẹ́ adìẹ mọ́ láyé rẹ. Ẹ̀kọ ni wàá máa sè. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ìyá. Mo gbà bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin mẹ́fà bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè kó jẹ. Kó tó di ọ̀sán, ìlú ti mọ̀.

Ọdún tó ṣáájú ni Onílákẹ́ la ọ̀nà gbọọrọ kan láti ẹnu géètì ààfin dé ọjà, ó sì gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀nà náà dùn mọ́ ọn nínú gan-an. Kò sí aládìrẹ tí kò mọ̀ pé aṣọ tí kò bá ní ọ̀nà Ọba nínú, kí olúwarẹ̀ má wulẹ̀ gbé e wá. Àwẹ̀ró náà mọ̀ ọ́n. Ó ya ọjà sí àárín aṣọ. Ó fi ọ̀nà Ọba sílẹ̀ láìfi ẹ̀kọ kàn án, kí aró lè mú un dúdú kirimu. Gbogbo ilẹ̀ tó yí ọjà ká ló fi ẹ̀kọ bò, kó lè funfun.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ ti wọlé. Àwọn aládìrẹ tó kù ń ra ẹ̀kọ ni, wọ́n sì máa ń fi í tínrín. Ẹni tó ń sè é tà kì í ṣahun rẹ̀. Àwẹ̀ró fẹ́ funfun tí kò sí lára aṣọ ẹnikẹ́ni, ó wá tẹ́ ẹ̀kọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó nípọn bí àkàrà. Ó sá a sínú oòrùn títí ó fi gan, ó ká aṣọ náà, ó gbé e lé orí, ó di ọ̀dọ̀ Ẹfúnkẹ́ aláró, ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹfúnkẹ́ gbà á, ó sọ ọ́ wò lọ́wọ́. "Àwẹ̀ró, aṣọ lo gbé wá fún mi ni, àbí oúnjẹ àárọ̀?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Rì í bọ aró."

Nígbà tí Ẹfúnkẹ́ tú aṣọ náà, ó ń dún bí ewé gbígbẹ. Ó rì í bọ aró bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ aláró kọ́ ni láti bá ẹni tó yàwòrán ṣe àríyànjiyàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, Ẹfúnkẹ́ ha ẹ̀kọ kúrò lára aṣọ tó ti gbẹ, ó sì ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọjà wà ní àárín, ó dúdú, ó dán. Ọ̀nà Ọba wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ funfun tó yí ọjà ká ti sán wẹ́wẹ́. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ dúdú sá wá láti gbogbo etí aṣọ, wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì, wọ́n pàdé ara wọn, wọ́n sì wọnú ọjà.

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó ti bàjẹ́."

"Ó fọ́ ni," ni Ẹfúnkẹ́ wí. "Kò bàjẹ́."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

"Kò yé èmi náà. Ṣùgbọ́n bó o bá fi í sílé, ìwọ lo kọ ara rẹ yẹn, kì í ṣe Ọba. Gbé e lọ. Ó kéré tán, wọ́n á mọ̀ pé aró mi mú."

Kò sí àyè láti ya òmíràn. Àwẹ̀ró gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi okùn so aṣọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn. Ti Ìyá Ọdẹ́wálé ló wà ní àárín, ó sì dára lóòótọ́. Ewúrẹ́ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń wò, wọ́n ń sọ pé ó dára, wọ́n ń kọjá. Ti Àwẹ̀ró wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, ó sì dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù ẹlẹ́rù.

Ìyá arúgbó kan tó ń ta ọṣẹ dúdú ni ó kọ́kọ́ dúró níbẹ̀. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó na ìka sí ìlà kan.

"Ọ̀nà etídò wa nìyí," ó wí. "Ẹ wá wò ó. Ibẹ̀ ni mo gbà wá láàárọ̀ yìí."

Adẹ́mu kan súnmọ́ ọn. "Èyí tó lọ́ yìí ńkọ́? Ẹ̀yìn igi osè ni. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbà kí ìyàwó mi má baà rí mi."

"Ó ti rí ọ báyìí," ni obìnrin kan fèsì lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ni lóòótọ́.

Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ti kọjá padà wá. Olúkúlùkù ń wá ọ̀nà tirẹ̀, ẹni tó bá rí i á pe ará ilé rẹ̀. Ariwo náà ló mú Onílákẹ́ dìde níbi tó jókòó sí. Àwọn ènìyàn yà fún un.

Ó wo aṣọ náà pẹ́. "Ta ló ni ín?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Èmi ni, Kábíyèsí."

"Ọ̀nà kan ni mo là. Mélòó ni ìwọ là sí i?"

Àwẹ̀ró mọ̀ pé òun lè pa irọ́. Kò pa á.

"Kábíyèsí, èmi kọ́ ni mo yà wọ́n. Mo fi ẹ̀kọ pọ̀ jù. Nígbà tó gbẹ tí mo ká a, ó sán, aró sì gba ibẹ̀ wọlé."

Onílákẹ́ yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọ̀nà mi wá lónìí, ẹ nawọ́ sókè."

Wọ́n wo ara wọn. Ọwọ́ márùn-ún ló lọ sókè. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti ìránṣẹ́ ààfin. Ọba tún wò yíká, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Aṣọ méje ya ọ̀nà mi," ó wí. "Èyí ya ipa ẹsẹ̀ yín. Ẹ gbé e sí àárín." Ó wá pe olórí àwọn aládìrẹ. "Ìyá Ọdẹ́wálé, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí jù. Kí lo rí sí i?"

Ìyá Ọdẹ́wálé rìn dé ibi aṣọ náà. Ó fọwọ́ kàn án, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo etí rẹ̀.

"Kábíyèsí, bó bá jẹ́ ọmọ mi ló fi ẹ̀kọ ṣòfò báyìí, màá bá a wí. Ṣùgbọ́n mo sọ fún obìnrin yìí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ iṣẹ́ wa. Aṣọ rẹ̀ ti dá mi lóhùn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Ó yọ ìyẹ́ adìẹ tó há sí gèlè rẹ̀, ó há a sí gèlè Àwẹ̀ró. "Ta ni yóò wá máa sè ẹ̀kọ wa báyìí?"

"Èmi náà ni, ìyá," Àwẹ̀ró fèsì. "Mo ti mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń fi í tínrín."

Àwẹ̀ró yàwòrán fún ààfin Ìlákẹ́ títí ó fi darúgbó, àwọn aládìrẹ ìlú náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ wọn kí ẹ̀kọ lè sán. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń sọ fún ẹni tó bá rò pé ibì kan ṣoṣo ni a ti ń ṣoríire pé: ọ̀nà kan ò wọ ọjà.